Sípíkà oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní Sábó, Ìkòròdú: ṣé ó tó fún shiritori orin Japan?

Sípíkà gíga dúdú tó ní táyà nísàlẹ̀, ọwọ́ ìfà lẹ́yìn, iná aláràbarà níwájú àti gbohùngbohùn méjì tí kò ní wáyà: ẹni tó bá ti ra ohun abánáṣiṣẹ́ rí ní agbègbè Sábó ní Ìkòròdú mọ èyí tí à ń wí. Ìsìn ilé, ìkómọjáde àti ọjọ́ ìbí ni ọ̀pọ̀ ń rà á fún. Iṣẹ́ mìíràn la fi wọ̀n ọ́n níbí. Kàráókè orin Japan ni, pàápàá shiritori olórin, eré tí sílébù tó kẹ́yìn orúkọ orin kan gbọ́dọ̀ ti ṣíwájú orúkọ orin tó máa tẹ̀ lé e.

Ìdájọ́ wa rèé kí ẹ tó ka ìyókù: sípíkà náà tó. Ohun tí kì í tó ni àkójọ orin tí àwọn ènìyàn ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Àkójọ tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin, tí kò mọ ìparí rẹ̀, kò ní jẹ́ kí eré náà pé ìdajì wákàtí.

Kí ẹni tí kò tíì ṣe é rí lè bá wa lọ: shiri ni ìdí, tori ni mímú. Ẹ di ìdí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yín mú, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni wọ́n ń lò, wọn kì í pe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá sì pe ọ̀rọ̀ tó parí sí ìró "n", ìyẹn ん, ti pàdánù, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ èdè Japan tó fi ìró náà bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e wọ inú kàráókè, orúkọ orin ló ń rọ́pò ọ̀rọ̀, ẹni tó pè é ni yóò sì kọ ọ́. Èdè Yorùbá kò gba eré yìí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀-orúkọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀: ìlù, ọjà, àgbàdo, ẹja. Ẹni tó bá pe "ìlù" ti ní kí ẹnìkejì lọ wá orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "lu", ó sì máa pẹ́ níbẹ̀. Ní ti Japan, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìdí nìyẹn tí okùn náà fi ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ sípíkà ná. Kò yẹ kó gba àkókò púpọ̀, àmọ́ ohun márùn-ún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tan gbohùngbohùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ènìyàn méjì sì jọ sọ̀rọ̀ sínú wọn. Tí ọ̀kan bá dákẹ́ tàbí tó ń họ gàràgàrà nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́, ojú ìgbì kan náà ni wọ́n jọ wà, kò sì sí àtúnṣe tí ẹ lè ṣe sí i nílé. Ẹ gba òmíràn. Shiritori nílò méjèèjì: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọrin, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí orin kàn.

Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ MIC PRIORITY sí, kí ẹ sì pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí ẹnikẹ́ni bá ti lanu sínú gbohùngbohùn, orin á relẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yọ. Ó dára fún ẹni tó ń ṣe ìkéde. Fún kàráókè, ìjàǹbá ni, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni ìlù máa sá lọ. Ọ̀pọ̀ tó ní "sípíkà yìí kò gbé orin àti ohùn pọ̀" kò ní àléébù kankan lọ́wọ́ ju bọ́tìnnì yìí lọ.

ECHO: ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn tó ń tà á máa ń yí i dé òpin kí ohùn lè dún bí ohùn akọrin ńlá, ó sì ń dùn mọ́ni nígbà orin ìyìn tó fara balẹ̀. Orin Japan kì í fara balẹ̀. Sílébù kéékèèké tó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn ni, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìlù tirẹ̀. Tí ECHO bá pọ̀, sílébù kan á gun èkejì lẹ́yìn, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá "tsu" ni ẹni náà pè tàbí "su". Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tí sípíkà bá ń hu fíìì, ibi tí ẹ gbé e sí ni ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Iwájú àwọn akọrin ló yẹ kó wà, kó kọjú sí àwọn tó ń gbọ́, kó sì kẹ̀yìn sí àwọn akọrin. Tó bá ṣì ń hu, ẹ dín TREBLE kù, lẹ́yìn náà ẹ dín ohùn gbohùngbohùn kù, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohùn orin. Àwọn kan máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí gbohùngbohùn nígbà tó bá ń hu. Ńṣe ni ìyẹn ń dá kún un.

Ní ti agbára, ẹ má wo nọ́ḿbà gàgàrà tí wọ́n kọ PMPO sí lára páálí. Èyí tí wọ́n kọ RMS sí ni agbára rẹ̀ gan-an, ó sì máa ń kéré ju èkejì lọ fíìfíì. Ẹ bi wọ́n léèrè irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀: bátìrì òjé 12V ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí wọ́n kọ 7Ah sí sì máa pẹ́ ju 4.5Ah lọ bí sípíkà méjèèjì bá jọra. Fún yàrá ìgbàlejò tàbí àgbàlá kékeré ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, sípíkà ínǹṣì mẹ́jọ tó. Ínǹṣì méjìlá máa da àdúgbò rú, kò sì ní fi ohunkóhun kún eré náà.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ lára sípíkà yìí ni ojú ihò fíláàṣì rẹ̀. Ó ń ka fíláàṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi orúkọ orin hàn. Nọ́ḿbà ló ń fi hàn, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ fi ìyẹn hàn, bí ẹ sì ṣe da orin sínú fíláàṣì tẹ̀ léra wọn ló sábà máa ń fi kọ wọ́n. Kò mọ A, B, D, áḿbọ̀sìbọ́sí hiragana, lẹ́tà sílébù èdè Japan. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ro" nínú ọgọ́rùn-ún orin, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì títí ọwọ́ á fi ro yín. Kò sì ní fi ọ̀rọ̀ orin hàn. Nítorí náà fóònù ni kó máa gbé orin, kí sípíkà máa gbé ohùn.

Tó bá jẹ́ ojú fóònù ni gbogbo yín ń wò, Bluetooth tó. Orin máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé sípíkà, àmọ́ fóònù fúnra rẹ̀ sábà máa ń dá àwòrán dúró dè é, ohùn tiyín kò sì gba ọ̀nà Bluetooth kọjá rárá. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n tí orin sì ń lọ sípíkà nípasẹ̀ Bluetooth: ọ̀rọ̀ orin á ti yí àwọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n kí ìlù rẹ̀ tó dé etí yín. Nínú orin tó ń sáré, ẹ ti sọnù nìyẹn. Wáyà AUX láti ojú ihò gbohùngbetí tẹlifíṣọ̀n sí sípíkà ló ń wo àrùn yìí sàn. Ẹ rí i pé wáyà náà gùn tó, kí sípíkà má baà jókòó sórí ẹsẹ̀ àwọn akọrin.

Ní Japan, ẹ̀rọ ilé kàráókè ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wọn. Láti ìgbà tí Daisuke Inoue ti ṣe àpótí kàráókè rẹ̀ ní ìlú Kobe lọ́dún 1971, iṣẹ́ náà ti gòkè débi pé irú ẹ̀rọ méjì, DAM àti JOYSOUND, ni orúkọ wọn wà lẹ́nu gbogbo ayé níbẹ̀. Pátákó kan wà lórí tábìlì tí ẹ ó fọwọ́ tẹ̀, ẹ ó kọ sílébù àkọ́kọ́, gbogbo orin tó fi bẹ̀rẹ̀ á sì jáde. Ẹ̀rọ náà tún lè gbé ohùn orin sókè tàbí sílẹ̀ ní ìdajì ìdajì ìró. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú kò ní pátákó yẹn. YouTube ló ní, YouTube kò sì mọ̀ pé shiritori ni ẹ ń ṣe.

Ẹ má fi lẹ́tà A, B, D wá orin. Ẹ da orúkọ orin kọ bó ṣe wà lédè Japan, kí ẹ fi カラオケ (kàráókè) tẹ̀ lé e. Nínú èsì tó bá jáde, ohun mẹ́ta ni kí ojú yín wá. Ibi tí wọ́n bá kọ ふりがな sí ti fi hiragana sórí lẹ́tà kanji tó le, èyí tí ẹni tí kò mọ kanji kò lè ṣe láìsí. ガイドメロディ túmọ̀ sí pé ohun èlò kan ń tọ́ yín sọ́nà lábẹ́ orin. Ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àmọ́ ó ń dààmú ẹni tó ti mọ orin. 原曲キー ni ohùn tí akọrin gan-an fi kọ ọ́. Tí ohùn yẹn bá ga jù, ẹ wá èyí tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò àti nọ́ḿbà sí, bí -3, ìyẹn ni pé wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì ìró mẹ́ta.

Orin ánímè, ìyẹn eré àwòrán ará Japan, ní àǹfààní kan tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò: ẹ̀dà orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní TVサイズ, kì í ju bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́jọ lè kọ ọ́ yí ká láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Àwọn orin yòókù, ẹ dá wọn dúró lẹ́yìn ègbè àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ orin oníṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún tán ti gbàgbé sílébù tó gbé kalẹ̀ fún ẹnìkejì.

Ó yá, àkójọ orin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni títò orin ní A, B, D. L àti R wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìró kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ní Japan. Lemon ti Kenshi Yonezu (2018) àti Linda Linda ti The Blue Hearts (1987) wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú Ringo no Uta, orin tó ta yọ lẹ́yìn ogun lọ́dún 1946: ra, ri, ru, re, ro. Àṣìṣe kejì burú jùyẹn lọ. Orin tí wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é ní katakana, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àjèjì, la fi ń dá a lẹ́jọ́, a kì í wo ojú lẹ́tà. Nítorí náà unravel kì í ṣe "u". Anraveru ni wọ́n ń pè é, "a" ló fi bẹ̀rẹ̀, "ru" ló fi parí. Idol ti YOASOBI (2023) kì í ṣe "i": Aidoru ni, "a" sí "ru". Pretender ti Official Hige Dandism (2019) wà lábẹ́ "pu". Orin Kyu Sakamoto tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, orúkọ oúnjẹ ni wọ́n fún un níbẹ̀, Sukiyaki. Ẹni tó bá tò ó sábẹ́ "su" ti ṣìnà, nítorí Ue o Muite Arukō ni orúkọ rẹ̀ láti 1961. "U" ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní hiragana, "u" náà ló fi parí, èyí tó sọ ọ́ di ohun ìjà: ẹ gba "u" lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ sì gbé "u" náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àkójọ tó dára ní òpó mẹ́ta: sílébù tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ orin, sílébù tó parí. Òpó kẹta yìí ni a kì í sábà rí, òun gan-an sì ni eré náà. Ẹ wo bí okùn ṣe ń fà tí òpó kẹta bá wà:

Kitaguni no Haru (Masao Sen, 1977) parí sí "ru". Rubī no Yubiwa (Akira Terao, 1981) gbà á, ó parí sí "wa". Watashi no Jōkamachi (Rumiko Koyanagi, 1971), "chi". Chiisana Koi no Uta (MONGOL800, 2001), "ta". Tabidachi no Hi ni, orin ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí àwọn olùkọ́ ilé ìwé kan ní Chichibu kọ lọ́dún 1991, "ni". Niji (Masaki Suda, 2020), "ji". Jidai (Miyuki Nakajima, 1975), "i". Ito, ti Nakajima kan náà, "to". Tonari no Totoro (1988), "ro". Romansu no Kamisama (Kohmi Hirose, 1993), "ma". Mayonaka no Doa (Miki Matsubara, 1979), "a". Ao to Natsu (Mrs. GREEN APPLE, 2018), "tsu". Tsugaru Kaikyō Fuyugeshiki (Sayuri Ishikawa, 1977), "ki". KICK BACK (Kenshi Yonezu, 2022), "ku". Kurenai (X, 1989), "i". Itoshi no Erī (Southern All Stars, 1979), "ri". Linda Linda, "da". Dango San Kyōdai (1999), "i".

Orin méjìdínlógún nìyẹn. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ kíyè sí bí "i" ṣe ń padà wá: ọ̀pọ̀ orin ló ń parí síbẹ̀, nítorí náà ẹ kó orin "i" jọ ju ti sílébù yòókù lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Ihōjin (Saki Kubota, 1979). Orin aládùn ni, "i" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ん. Ẹni tó bá pè é ti jáde.

Àwọn orin tó ń parí sí ん yẹ kí wọ́n ní ojú ìwé tiwọn, kí ẹ fi yíǹkì pupa kọ wọ́n. Lemon wà níbẹ̀. Robinson ti Spitz (1995) wà níbẹ̀, àti Kaikai Kitan ti Eve (2020), Heavy Rotation ti AKB48 (2010) àti Peace Sign ti Yonezu (2017). Kì í ṣe pé kí ẹ pa wọ́n tì. Orin tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ni púpọ̀ nínú wọn. Òfin tó dára jù tí a mọ̀ ni pé kí ẹ fi wọ́n pamọ́ fún ẹni tó bá jáde: tó bá ti pàdánù, ọ̀kan nínú wọn ni yóò kọ, odindi, títí dé òpin, kó tó fi gbohùngbohùn sílẹ̀.

Àwọn tó mọ eré náà gan-an kì í lu ẹlẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú ん. "Ru" ni wọ́n ń lò. Ní Japan, orúkọ wà fún un: ru-zeme, ìkọlù "ru". Orin tó ń parí sí "ru" pọ̀, èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Yoru ni Kakeru (YOASOBI, 2019), Aidoru, unravel, Subaru (Shinji Tanimura, 1980), Kitaguni no Haru, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé "ru" lé ẹni tó kàn lórí. Kí ló máa fi gbà á? Orin tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni Rūju no Dengon ti Yumi Arai (1975), èyí tí àwọn tó wo fíìmù Kiki ti 1989 mọ̀ dáadáa. Dengon. Ó parí sí ん. Pàkúté ni. Rubī no Yubiwa ló yè é, àti Rupan Sansei no Tēma tí Yūji Ōno ṣe, èyí tó parí sí "ma". Ẹni tó bá ti lo méjèèjì, tí wọ́n sì tún gbé "ru" wá, òógùn á bò ó. Tí àwọn tí ẹ jọ ń ṣe é bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ fi òfin dè é pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbé "ru" kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òfin yòókù náà, kí ẹ fẹnu kò lé wọn lórí kí ẹnikẹ́ni tó di gbohùngbohùn mú. Ìlà gígùn tó ń fa fáwẹ̀lì ní ìparí ńkọ́? Pretender parí sí "dā": ṣé "da" ni ẹni tó kàn yóò gbà tàbí "a"? Àṣà méjèèjì wà. Àwa fara mọ́ pé kó mú èyí tó bá wù ú, kí eré má baà kú. Lẹ́tà kékeré ńkọ́? Cherry ti Spitz (1996) fi ち àti ェ kékeré bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó lè dáhùn "chi". Cha-La Head-Cha-La ti Dragon Ball Z (1989) náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti gba ti Cherry, ẹ gba tirẹ̀ náà. Àmì méjì tó ń sọ "ka" di "ga" àti "ta" di "da": ẹ jẹ́ kí wọ́n lè ṣí i kúrò, kí "da" di "ta". Láìsí òfin yìí, Gurenge ti LiSA (2019), tó parí sí "ge", máa há sọ́nà ọ̀fun ẹni tó kàn.

Lẹ́tà atọ́ka, ìyẹn lẹ́tà tó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ra, gba ìkíyèsí. Mirai e ti Kiroro (1998) parí sí lẹ́tà へ, tí a ń pè ní "he" níbòmíràn, ṣùgbọ́n "e" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ai o Komete Hanataba o ti Superfly (2008) parí sí を, kò sì sí orin tí ẹ máa rí tó fi lẹ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí náà "o" lásán ni ẹ kà á sí. Orúkọ kékeré tó ń tẹ̀ lé orúkọ ńlá tún ń dá ìjà sílẹ̀. Mayonaka no Doa ní Stay With Me lẹ́yìn. Tí ẹ bá kà á, "a" ti di "mi", okùn tí a fà lókè ti já nìyẹn. Ẹ má kà á.

Ó ku ẹnu. Ọmọ Yorùbá ní ìrọ̀rùn tí àwọn tí èdè wọn kún fún kọ́ńsónáǹtì ìparí kò ní, nítorí ṣíṣí ni sílébù wa bíi tiwọn. Ìró "n" tó dá dúró, tó ní ìlù tirẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa: ó wà nínú òróǹbó. Ringo jẹ́ ìlù mẹ́ta, ri-n-go, bí òróǹbó ṣe jẹ́ mẹ́rin. Ibi tí ẹnu wa ti ń kọsẹ̀ ni ìró mẹ́ta. "Tsu" ń di "su" lẹ́nu wa, ìyẹn sì ń yí sílébù padà: ẹni tó pe Ao to Natsu bí "nasu" ti gbé sílébù tí kì í ṣe ti orin náà kalẹ̀. "Chi" ń di "ṣi", bẹ́ẹ̀ ṣi ni し, lẹ́tà ọ̀tọ̀ tó ní orin tirẹ̀, bíi Silhouette (KANA-BOON, 2014) àti Shinjidai (Ado, 2022). "Z" ń di "s": Zankoku na Tenshi no Tēze (1995) tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "za" á wá dún bí "sa". Ẹ máa pe sílébù tó kẹ́yìn sókè, lọ́tọ̀, lẹ́yìn orin, kí ẹni tó kàn sì tún un pè. Ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi ní kí ECHO relẹ̀.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yan orin tó ń rìn pẹ̀lẹ́: Ue o Muite Arukō, Nada Sōsō (tí Rimi Natsukawa kọ lọ́dún 2001), Kawa no Nagare no Yō ni tí Hibari Misora kọ (1989). Ẹ má fi Yoru ni Kakeru bẹ̀rẹ̀. Ìlù rẹ̀ jẹ́ 130 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi àyè ìmí sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tún ń yí padà nígbà tó bá ń parí lọ. Pretender ń gòkè débi tí ohùn ọkùnrin púpọ̀ kò dé. Ẹ̀dà -3 tàbí -4 ni kí ẹ wá fún un.

Àwọn sílébù kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wá orin fún kí ọjọ́ eré tó pé, nítorí kì í dédé wá sọ́kàn. "Ne": Neko ti DISH// (2017). "So": Sobakasu ti JUDY AND MARY (1996). "Hi": Himawari no Yakusoku ti Motohiro Hata (2014). "Mu": Mūnraito Densetsu ti Sailor Moon (1992), tó parí sí "tsu". "Me": Meruto, orin Hatsune Miku ti 2007, "to". "Mo": Mō Koi Nante Shinai ti Noriyuki Makihara (1992), "i" lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ho": Homura ti LiSA (2020), "ra", èyí tí Rabu Sutōrī wa Totsuzen ni ti Kazumasa Oda (1991) máa gbà. "Yu": Yuki no Hana ti Mika Nakashima (2003). "Te": Tentai Kansoku ti BUMP OF CHICKEN (2001), "ku".

Ṣé kí ẹ ra sípíkà náà? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹ fẹ́ máa ṣe é, tí ẹ ò sì ju mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó jẹ́ ínǹṣì mẹ́jọ, tí gbohùngbohùn rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ má fi owó kún un nítorí iná aláràbarà. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra wáyà AUX tó gùn, bátìrì kéékèèké fún gbohùngbohùn, àti dátà. Àwòrán 360p tó, lẹ́tà nìkan lẹ kúkú ń kà. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú rẹ̀ ṣe òde, àmọ́ àkójọ orin, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé, òpó mẹ́ta, kí ẹ sì máa fa ìlà gba orí orin tí wọ́n bá ti kọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kù, òun ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn sípíkà yìí jẹ́ kí ọdún tó yí po. Bátìrì òjé kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lófìfo. Tí eré bá parí lálẹ́, ẹ so ó mọ́ iná lóru náà. Tí iná kò bá sí, àárọ̀ ọjọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ kọjá. Tí ẹ ò bá lò ó fún oṣù kan, ẹ ṣì tún fi iná sí i. Ẹ yọ bátìrì inú gbohùngbohùn kúrò kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí omi inú rẹ̀ má baà jò sí ojú irin. Tí ẹ bá sì rí i pé bátìrì inú sípíkà ti wú, ẹ má so ó mọ́ iná mọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, kó bá yín pààrọ̀ bátìrì nìkan.